Bí Ẹ Ó Ṣe Dá Tíṣà Lẹ́kọ̀ọ́ fún Kíláàsì Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Tó Kún fún Onírúurú Èdè

Ìbéèrè kan náà ni àwọn hẹdimásítà àti àwọn tó ń darí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tíṣà máa ń bi wá: "Ọmọ Yorùbá, ọmọ Hausa, ọmọ Ìgbò àti ọmọ Ègùn ló jọ jókòó ní kíláàsì wa. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ìwé wọn. Báwo la ṣe fẹ́ kọ́ àwọn tíṣà wa kí ẹ̀kọ́ lè yé gbogbo ọmọ?" Ẹni tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí nílẹ̀ Yorùbá la kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún, ì báà jẹ́ Ajégúnlẹ̀, Sábó Ìbàdàn, Àgbádárìgì tàbí Ìpókíá ni ilé ìwé rẹ̀ wà, ti ìjọba tàbí ti aládàáni.

Ẹ jẹ́ ká fìdí ọ̀rọ̀ kan múlẹ̀ ná. Pé tíṣà gbọ́ èdè méjì kò túmọ̀ sí pé ó lè fi èdè méjì kọ́ni. Iṣẹ́ ọwọ́ ni, ṣíṣe la fi ń mọ̀ ọ́n. Bí ẹnì kan bá dúró nínú gbọ̀ngàn tó ń ka ìwé fún igba tíṣà láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, ohun tó kà kì í dé kíláàsì.

## Kí ẹ tó pe tíṣà kankan jókòó

Ohun tí ẹ nílò nìyí:

- Ọjọ́ mẹ́ta gbáko kí àwọn ọmọ tó wọlé, wákàtí márùn-ún lóòjọ́.
- Ìpàdé ìṣẹ́jú 45 lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá lẹ́yìn tí wọ́n bá wọlé. Ẹ má yí ọjọ́ àti àkókò rẹ̀ padà.
- Àbẹ̀wò sí kíláàsì tíṣà kọ̀ọ̀kan, ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mejì ní sáà kan.
- Tíṣà 24 fún olùdánilẹ́kọ̀ọ́ kan, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ẹ lè pín wọn sí ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́rin-mẹ́rin.
- Tíṣà pírámárì 1 sí 3 ni kí ẹ kọ́kọ́ mú. Ibẹ̀ ni ọmọ ti ń pàdánù jù.
- Hẹdimásítà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Àìsí hẹdimásítà níbẹ̀ ló ń ba ètò jẹ́ jù. Tíṣà á kọ́ iṣẹ́ náà dáadáa, á padà sí kíláàsì, á fi Yorùbá la ọ̀rọ̀ yé ọmọ. Hẹdimásítà á kọjá lójú fèrèsé, á pariwo pé òun ò fẹ́ gbọ́ Yorùbá níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà lọ, tíṣà ò tún ní dán an wò mọ́. Tí pátákó "No vernacular" bá ṣì wà lára ògiri yín, tàbí tí wọ́n ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ tó bá sọ èdè ilé rẹ̀, ẹ yanjú ìyẹn kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ sórí ìdánilẹ́kọ̀ọ́.

Ní ti òfin. Ó pẹ́ tí Ìlànà Ètò Ẹ̀kọ́ Orílẹ̀-èdè ti ní kí wọ́n máa fi èdè àdúgbò kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ ní pírámárì. Ní oṣù kọkànlá 2022, ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kó di ọdún mẹ́fà. Ní oṣù kọkànlá 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ kéde pé wọ́n ti fagi lé ti 2022 yẹn, pé Gẹ̀ẹ́sì ni èdè ìkọ́ni. Ní Ìpínlẹ̀ Èkó, òfin 2018 sọ kíkọ́ Yorùbá di dandan ní gbogbo ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama, ti ìjọba àti ti aládàáni. Ẹ béèrè lọ́wọ́ SUBEB, àjọ tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ yín, ohun tí wọ́n fẹ́ báyìí, kí ẹ sì gbà á ní àkọsílẹ̀. Ibi yòówù kí ìlànà dúró sí, ọmọ ọdún mẹ́fà tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ṣì wà níwájú tíṣà lówùúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ìgbésẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ yìí sì wúlò fún un, bó bá tiẹ̀ jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ló máa gba èyí tó pọ̀ jù nínú àkókò ẹ̀kọ́.

## Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ jẹ́ kí tíṣà jókòó sípò ọmọ

Òwúrọ̀ ọjọ́ kìn-ín-ní ni kí ẹ ṣe èyí, kí ẹ tó sọ̀rọ̀ púpọ̀.

1. Ẹ wá ẹni tó gbọ́ èdè kan tí àwọn tíṣà yín kò gbọ́ rárá. Faransé tàbí Hausa dára.
2. Kí ó fi èdè náà kọ́ wọn ní ìṣirò fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kó kọ ọ́ sójú bọ́ọ̀dù, kó máa bi wọ́n ní ìbéèrè, kó má sì sọ ọ̀rọ̀ Yorùbá tàbí Gẹ̀ẹ́sì kankan.
3. Kí ó fún wọn ní ìdánwò ìbéèrè márùn-ún, kó gba ìwé, kó máàkì í.
4. Kí ó tún ẹ̀kọ́ náà kọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, kó fi Yorùbá ṣàlàyé ìṣẹ́jú méjì ṣáájú, kó sì fi nǹkan gidi hàn wọ́n.
5. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn: kí ni ẹ ń ṣe nígbà tí kò yé yín? Àwọn kan á ní àwọn ń wo ẹnu ẹlòmíì. Àwọn míì á ní àwọn kàn ń mi orí. Ẹ kọ ìdáhùn wọn sórí kádíbọ́ọ̀dù, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri fún ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ẹ má fo èyí nítorí àkókò. Tíṣà tó ti mi orí sí ohun tí kò yé e á dá ọmọ tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ mọ̀.

## Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ kọ èdè kíláàsì sílẹ̀

Nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́, kí tíṣà fi ara wọn dánra wò. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí ọmọ bá wọlé, kí wọ́n bi ọmọ tàbí òbí rẹ̀ ní ìbéèrè mẹ́rin yìí, ní èdè tó bá gbọ́:

1. Èdè wo lo fi ń bá màmá rẹ sọ̀rọ̀? Bàbá ńkọ́?
2. Èdè wo lo fi ń bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ṣeré?
3. Ta ló ń tọ́jú rẹ tó o bá dé láti ilé ìwé, èdè wo ló sì ń bá ọ sọ?
4. Ṣé o ti lọ sí ilé ìwé mìíràn tàbí ilé kéú? Èdè wo ni wọ́n fi kọ́ ọ níbẹ̀?

Kí tíṣà fa ìlà sórí ìwé kan: orúkọ ọmọ, èdè ilé, èdè eré, ìwọ̀n Gẹ̀ẹ́sì. Kó lo 0 fún ọmọ tí kò gbọ́ rárá, 1 fún èyí tó gbọ́ àṣẹ bíi "jókòó" tàbí "dìde", 2 fún èyí tó ń fi ọ̀rọ̀ kan dáhùn, 3 fún èyí tó ń sọ odidi gbólóhùn.

Ìbéèrè kẹrin ṣe pàtàkì ju bí ó ti rí lọ. Ọmọ tó ti ń lọ sí ilé kéú ti mọ̀ pé láti ọ̀tún sí òsì la ti ń kàwé. Tó bá ń kọ lẹ́tà láti apá ọ̀tún, kì í ṣe pé kò mọ nǹkan kan. Ọmọ tó ti apá Bẹ̀nẹ̀ wọ Ìdìròkò lè ti rí Yorùbá tí wọ́n fi ɛ àti ɔ kọ, tí wọ́n sì kọ *kp* àti *sh* níbi tí àwa ti ń kọ *p* àti *ṣ*. Tíṣà tó mọ èyí á fi lẹ́tà méjèèjì hàn án lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lọ́jọ́ kan, ó tán.

Ìkìlọ̀. Ẹ má fi orúkọ pinnu èdè ọmọ. Chidinma tí wọ́n bí sí Múṣin lè gbọ́ Yorùbá ju Ìgbò lọ, bẹ́ẹ̀ ni Títílayọ̀ lè jẹ́ ọmọ tí wọn kì í sọ ju Gẹ̀ẹ́sì lọ nílé rẹ̀. Ẹ má bi ọmọ pé "ẹ̀yà wo ni ọ́?" níwájú kíláàsì, ẹ má sì lẹ ìwé náà mọ́ ògiri.

## Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ yẹ Yorùbá tíṣà fúnra rẹ̀ wò

Ọ̀pọ̀ tíṣà tó gbọ́ Yorùbá dénú ni kò lè kọ ọ́ pẹ̀lú àmì ohùn. Ẹ má dójú tì wọ́n. Ẹ pe ọ̀rọ̀ bíi ọgọ́ta fún wọn kí wọ́n kọ ọ́, kí oníkálukú sì fi ti ara rẹ̀ wé àkọsílẹ̀ tó tọ̀nà. Ohun tí ẹ ó rí nìyí:

- Wọ́n gbàgbé àmì ìsàlẹ̀: *ẹ, ọ, ṣ* di *e, o, s*.
- Àkọtọ́ àtijọ́ ṣì wà lọ́wọ́ wọn: *nwọn, enia, aiye* dípò *wọ́n, ènìyàn, ayé*.
- Wọn kò ya *o* (ìwọ) sọ́tọ̀ kúrò lára *ó* (òun). Ọmọ tó ń kọ́ Yorùbá bí èdè kejì á ṣìnà níbẹ̀ gan-an.

Ìdánrawò ìṣẹ́jú 15 lóòjọ́ tó. Ẹ lo dò-re-mí: dò fún ohùn ìsàlẹ̀, re fún ohùn àárín, mí fún ohùn òkè. Kí wọ́n fi ohùn kọ ọ̀rọ̀ lórin kí wọ́n tó fàmì sí i. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú *ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀*, kí ẹ wá bọ́ sí *igbá, igba, ìgbà, ìgbá*. Tíṣà tí kì í ṣe ọmọ Yorùbá á máa rò pé àmì wọ̀nyí kàn jẹ́ ẹ̀ṣọ́. Ẹ jẹ́ kó fi ọwọ́ gbé ohùn sókè sódò bó ṣe ń pè é, yóò gbọ́ ìyàtọ̀ rẹ̀ kíá.

## Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ fún èdè kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ tirẹ̀

Ibí ni ọkàn iṣẹ́ náà wà. Ẹ lo odindi ọjọ́ kejì lórí rẹ̀.

Kí tíṣà tó wọ kíláàsì, ó gbọ́dọ̀ ti kọ ọ́ sínú *lesson note* rẹ̀ èdè tí yóò fi ṣe apá kọ̀ọ̀kan. Àpẹẹrẹ rèé fún sáyẹ́ǹsì pírámárì 3, ìṣẹ́jú 40, lórí bí yìnyín ṣe ń di omi àti bí omi ṣe ń di ooru:

1. Ìṣẹ́jú 0 sí 7, Yorùbá. Tíṣà gbé píọ̀ wọ́tà tó dì àti ife omi gbígbóná tí a bò kalẹ̀. Ó béèrè: "Kí lẹ rí? Kí ló máa ṣẹlẹ̀ tí a bá fi yìnyín yìí sínú oòrùn?" Ọmọ tí kò gbọ́ Yorùbá lè bá ẹnìkejì rẹ̀ sọ ọ́ ní èdè tiwọn.
2. Ìṣẹ́jú 7 sí 27, Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀rọ̀ tuntun márùn-ún péré: *ice, water, steam, melt, boil*. Kó na ọwọ́ sí nǹkan, kó pè é, kí ọmọ pè é, kí wọ́n fi sínú gbólóhùn kúkúrú tó wà lójú bọ́ọ̀dù: *Ice melts. Water boils.* Kó fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ sójú bọ́ọ̀dù títí ẹ̀kọ́ fi parí.
3. Ìṣẹ́jú 27 sí 35, méjì-méjì. Ọmọ yàwòrán, ó sì kọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí abẹ́ rẹ̀. Èdè tó bá wù wọ́n ni kí wọ́n fi sọ̀rọ̀ láàárín ara wọn.
4. Ìṣẹ́jú 35 sí 40, Yorùbá. "Ẹ ṣàlàyé fún mi bí yìnyín ṣe di omi." Ìgbà yìí ni tíṣà máa mọ ohun tí kò yé wọn, torí pé ọmọ lè ṣàlàyé ohun tí kò lè sọ ní Gẹ̀ẹ́sì.

Kí tíṣà kọ̀ọ̀kan mú ẹ̀kọ́ kan nínú síláàbù tirẹ̀, kó pín in bẹ́ẹ̀, kí ẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò.

Àṣìṣe mẹ́ta ló wọ́pọ̀ níbí.

Ìtumọ̀ gbólóhùn kan tẹ̀ lé òmíràn. Tíṣà á sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, á sọ ọ́ ní Yorùbá lójú ẹsẹ̀, títí ẹ̀kọ́ á fi tán. Ọmọ kì í pẹ́ mọ̀ pé Yorùbá ń bọ̀, ó sì ń dúró dè é láìfetí sí Gẹ̀ẹ́sì. Àkókò ẹ̀kọ́ á tún lọ sí ìlọ́po méjì.

Àdàlù. "Ẹ *open* ìwé yín sí *page twelve*, ẹ *underline* gbogbo *nouns*." Báyìí la ṣe ń sọ̀rọ̀ lójú títì, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ń kọ́ èdè nílò àpẹẹrẹ tó pé. Kí tíṣà parí gbólóhùn ní èdè tó fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Yorùbá fún ìbáwí, Gẹ̀ẹ́sì fún ẹ̀kọ́. Èyí ló burú jù, tíṣà kì í sì í mọ̀ pé òun ń ṣe é. Ìdánrawò rẹ̀: kí tíṣà kan jókòó sẹ́yìn kíláàsì ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20, kó fa ìlà méjì sórí ìwé, kó máa sàmì sí ohun tí èdè kọ̀ọ̀kan ń ṣe: ìkíni, àlàyé, ìyìn, àṣẹ, ìbáwí. Bí gbogbo àmì Yorùbá bá bọ́ sábẹ́ àṣẹ àti ìbáwí, àwọn ọmọ ti gbà pé èdè ilé wọn kò sí fún ìmọ̀.

## Ìgbésẹ̀ 5: Kíkà ní èdè méjì

Ọmọ tó gbọ́ Yorùbá máa ń tètè mọ Yorùbá kà, nítorí pé bí a ṣe kọ ọ́ náà la ṣe ń pè é. Kí tíṣà tẹ̀ lé e báyìí:

1. Fáwẹ̀lì méje: *a, e, ẹ, i, o, ọ, u*.
2. Sílébù tó rọrùn: *ba, bi, bọ, la, li, lọ*. Ẹ gé kádíbọ́ọ̀dù kan sí méjìlá, sílébù kan lórí kọ̀ọ̀kan, kí ọmọ máa tò wọ́n pọ̀ di ọ̀rọ̀.
3. Ọ̀rọ̀ onísílébù méjì pẹ̀lú àmì ohùn: *ilé, ajá, ọmọ, igi*.
4. Fáwẹ̀lì àránmúpè: *an, ẹn, in, ọn, un*.
5. Gbólóhùn ọlọ́rọ̀ mẹ́ta sí márùn-ún.

Tí wọ́n bá ń rékọjá sí Gẹ̀ẹ́sì, kí tíṣà kìlọ̀ fún ọmọ nípa lẹ́tà tó ń tanni jẹ. *P* wa kì í ṣe *p* ti Gẹ̀ẹ́sì. *Run* ti Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ á kà á bíi *rùn*. *Pan* á di àránmúpè lẹ́nu rẹ̀. Kí tíṣà fi mákà búlúù kọ Yorùbá, kó fi pupa kọ Gẹ̀ẹ́sì nígbà gbogbo, kí ọmọ lè mọ òfin èdè tó yẹ kó lò kó tó la ẹnu.

Ìró tí yóò fún ọmọ ní wàhálà tún yàtọ̀ láti èdè sí èdè. Yorùbá kò ní *v*, *z* tàbí *ch*, nítorí náà *van* á di *fan*, *zoo* á di *soo*. Ọmọ Hausa lè pe *p* bíi *f*. Ọmọ Ègùn ní *v* àti *z* nínú èdè rẹ̀, ọmọ Ìgbò náà ní méjèèjì, ọmọ Hausa sì ní *z*. Tí ẹ bá dé orí *zoo*, ọmọ Hausa, Ìgbò tàbí Ègùn ni kó ṣíwájú, kí àwọn tó kù máa gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n ti ń fi èdè rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ á di ẹni tí kíláàsì ń wò.

Tí ọmọ Yorùbá bá kọ *My mother, he is tall*, kò ṣàìmọ obìnrin yàtọ̀ sí ọkùnrin. *Ó* kan ṣoṣo la ní fún akọ, abo àti nǹkan. Kí tíṣà fi àwòrán mẹ́ta kọ́ *he, she, it* fún ọ̀sẹ̀ méjì, dípò kó máa fi pupa kùn ún nínú ìwé.

Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní àkókò tirẹ̀ lójoojúmọ́, lọ́wọ́ tíṣà tó mọ̀ ọ́n kọ́. Nínú iṣẹ́ ìwádìí Ifẹ̀ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa darí láti 1970, Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà, tíṣà tó mọṣẹ́ sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Gẹ̀ẹ́sì wọn kò rẹ̀yìn sí ti àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́. Tí ẹ bá ní tíṣà kan péré tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ já gaara, ẹ jẹ́ kó máa yí kíláàsì mẹ́ta po fún ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì nìkan.

Nípa òǹkà. Láti 15 dé 19, Yorùbá ń yọ nǹkan kúrò lára 20: ẹ́ẹ̀dógún jẹ́ 20 dín 5, eéjìdínlógún jẹ́ 20 dín 2. Ọmọ tó ń ka *eighteen* ní Gẹ̀ẹ́sì lọ sí apá kejì, 10 àti 8 ni tirẹ̀. Ẹ kó ìdérí ìgò ogún kalẹ̀, kí ọmọ yọ méjì, kí wọ́n pè é ní èdè méjèèjì. Ìṣirò ìyọkúrò ti wọ inú rẹ̀ nìyẹn.

## Ìgbésẹ̀ 6: Ohun tó jẹ mọ́ àṣà

Ẹ má sọ èyí di ọjọ́ aṣọ ìbílẹ̀ kan lọ́dún. Iṣẹ́ ojoojúmọ́ ni.

- Kí tíṣà mọ orúkọ ọmọ pè dáadáa. Kó béèrè lọ́wọ́ òbí, kó tún un pè títí òbí á fi ní ó tọ̀nà. Kí ó má gé orúkọ ọmọ kúrú nítorí pé ó le.
- Kí ó má fi ìdọ̀bálẹ̀ àti ìkúnlẹ̀ wọn ìwà ọmọ tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ nílé wọn. Kó kọ́ gbogbo kíláàsì ní ìkíni Yorùbá, kó sì jẹ́ kí àwọn ọmọ mìíràn kọ́ kíláàsì ní tiwọn.
- *Gàmbàrí, kòbókòbó, àgànyìn*: tíṣà kò gbọdọ̀ fi wọ́n pe ọmọ, kódà nínú ẹ̀fẹ̀. Òwe àti ìtàn tó ń bú ẹ̀yà kan, kí wọ́n yọ wọ́n kúrò nínú ohun tí wọ́n ń kọ́ni.
- Nínú ìṣirò, kí orúkọ àti oúnjẹ yàtọ̀ síra: Musa ra fùrá, Ngozi ra ọkpa, Bọ́lá ra àkàrà.

Ẹ̀gàn láàárín ọmọ ṣòro jù. Bí ọmọ kan bá fi èdè ẹnìkejì rẹ̀ ṣẹ̀sín, tí tíṣà dákẹ́, gbogbo kíláàsì ti gbà pé ó dára. Kí tíṣà dá a dúró lójú ẹsẹ̀ ní gbólóhùn kan, "A kì í fi èdè ẹnikẹ́ni ṣẹ̀sín ní kíláàsì yìí", kó sì máa bá ẹ̀kọ́ lọ. Kó pe ẹni tó ṣe é lẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kí tíṣà fi ẹnu ara wọn sọ ọ́ nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́, torí pé ẹni tí kò sọ ọ́ rí máa ń kánjú sọ̀rọ̀ gígùn tàbí kó gbójú kúrò.

## Ìgbésẹ̀ 7: Ìdánrawò àti àbẹ̀wò

Ọjọ́ kẹta jẹ́ ti ìdánrawò. Nínú ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́rin, ẹnì kan ń kọ́ni fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹni méjì ń ṣe bí ọmọ (ọ̀kan kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, èkejì kò gbọ́ Yorùbá), ẹnì kẹrin ń kọ ohun tó rí. Ìṣẹ́jú márùn-ún ìjíròrò, kí wọ́n yí ipò padà.

Tí ẹ bá wá lọ sí kíláàsì, ohun tí ẹ ó wò nìyí:

- Ṣé iṣẹ́ èdè kọ̀ọ̀kan wà nínú *lesson note*? Ṣé ó tẹ̀ lé e?
- Ọmọ mélòó ló sọ̀rọ̀? Àwọn wo ni kò sọ nǹkan kan?
- Tó bá béèrè ọ̀rọ̀, ṣé ó dúró fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta sí márùn-ún kó tó pe ẹlòmíì?
- Ṣé ọ̀rọ̀ tuntun ju méje lọ?
- Ṣé ó fi nǹkan gidi tàbí àwòrán hàn?
- Báwo ló ṣe mọ̀ pé ó yé wọn?

Ẹ tẹnu mọ́ ìbéèrè ìkẹyìn. "Ṣé ó yé yín?" "Ó yé waaa!" kì í ṣe ẹ̀rí kankan, torí ọmọ tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan ń pariwo pẹ̀lú wọn. Kó sọ fún ọmọ pé "fi hàn mí", "yà á", "sọ ọ́ fún ẹnìkejì rẹ", tàbí kí gbogbo wọn kọ ìdáhùn sórí síléètì kí wọ́n gbé e sókè lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ bá tíṣà sọ̀rọ̀, fún ìṣẹ́jú 15, láìsí ọmọ nítòsí. Tíṣà ni kó kọ́kọ́ sọ bó ṣe rí i. Ẹ mú ohun kan tó dára, ohun kan tó yẹ kó yí padà, kó tó. Tí ẹ bá to àléébù mẹ́jọ sílẹ̀, kò ní ṣàtúnṣe ìkankan.

## Ìgbésẹ̀ 8: Ìdánwò ọmọ

Ọmọ tó gba 2 nínú 10 nínú sáyẹ́ǹsì lè mọ sáyẹ́ǹsì náà dunjú. Kí tíṣà bi í ní ìbéèrè mẹ́ta lẹ́nu ní èdè tó gbọ́. Bó bá gba méjì, Gẹ̀ẹ́sì ni ìṣòro rẹ̀, kí wọ́n sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé: ìmọ̀ lọ́tọ̀, èdè lọ́tọ̀.

Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sáàárín èdè tí kò gbọ́ lè dákẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, nígbà mìíràn fún oṣù díẹ̀. Tó bá ń tẹ̀ lé àṣẹ, tó ń nàka sí ohun tó tọ̀nà, ó ń kọ́ nǹkan. Kí ẹnikẹ́ni má pè é ní olódo. Ṣùgbọ́n tí ọmọ náà kò bá sọ̀rọ̀ ní èdè ilé rẹ̀ náà, gẹ́gẹ́ bí òbí rẹ̀ ṣe sọ, tàbí tí kì í yíjú tí wọ́n bá pè é látẹ̀yìn, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò nílé ìwòsàn. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ èdè mọ́.

## Nígbà tí tíṣà kò gbọ́ èdè ọmọ

Èyí wọ́pọ̀: tíṣà Yorùbá láàárín àwọn ọmọ Ègùn, tàbí tíṣà Ìgbò láàárín àwọn ọmọ Yorùbá. Ọ̀nà tí ẹ lè gbà nìyí, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó rọrùn jù:

- Ọ̀rọ̀ ọgbọ̀n. Kí tíṣà kọ́ ọgbọ̀n ọ̀rọ̀ ní èdè ọmọ ní oṣù àkọ́kọ́: ìkíni, wá, jókòó, omi, ìgbẹ́, ìrora, kò yé mi. Fún Hausa: *sannu, zo, zauna, ruwa, ban gane ba*. Fún Ìgbò: *bịa, nọdụ ala, mmiri, aghọtaghị m*. Fún Ègùn, kí òbí kan sọ ọ́ sínú fóònù fún un, kó máa gbọ́ ọ.
- Alábàáṣepọ̀. Ẹ fi ọmọ tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ tó gbọ́ èdè rẹ̀ àti èdè kíláàsì. Ẹ yí ẹni náà padà lọ́sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta. Bí ọmọ kan ṣoṣo bá ń ṣe ògbufọ̀ lójoojúmọ́, ẹ̀kọ́ tirẹ̀ á kú.
- Pípààrọ̀ tíṣà. Tíṣà méjì pààrọ̀ kíláàsì fún ìṣẹ́jú 40 lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀.
- Òbí. Ìyá kan tó wá sọ ìtàn fún ìṣẹ́jú 20 lọ́jọ́ Ẹtì. Ẹ sọ fún un ṣáájú ohun tí ẹ fẹ́, kí tíṣà sì jókòó ti àwọn ọmọ.
- Akẹ́kọ̀ọ́ tó wá fún ìdánrawò ìkọ́ni. Tí ẹ bá ń bá kọ́lẹ́ẹ̀jì ìkọ́ni sọ̀rọ̀, ẹ béèrè fún àwọn tó gbọ́ èdè tí ẹ nílò. Ọ̀pọ̀ ilé ìwé kì í béèrè.

## Ohun èlò, àti tí owó kò bá tó

Ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà àtijọ́ á di ìwé ìtàn ńlá tí gbogbo kíláàsì lè rí láti ẹ̀yìn. Ojú ewé mẹ́jọ tó, gbólóhùn kan ní ojú ewé, Yorùbá lókè, Gẹ̀ẹ́sì nísàlẹ̀. Ẹ kọ lẹ́tà rẹ̀ tóbi, kó ga tó ìka méjì.

Fún ìwé tí ẹ fẹ́ tẹ̀, ẹ gbé Yorùbá sórí Gboard nínú fóònù, ẹ ó rí *ẹ, ọ, ṣ* àti àmì ohùn. Kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà, ẹ sọ ọ́ di PDF. Tí ẹ bá fi ránṣẹ́ ní Word, kọ̀ǹpútà wọn lè máà ní irú lẹ́tà tí ẹ lò, gbogbo àmì ìsàlẹ̀ á wá di àpótí òfìfo. Ẹ tẹ ẹyọ kan ṣoṣo, ẹ kà á tán, kí ẹ tó tẹ ọgọ́ta.

Tí owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ mẹ́ta kò bá sí, ẹ má fagi lé ètò náà. Ẹ fi Ìgbésẹ̀ 1 àti 4 sí ọ̀sán ọjọ́ kan, kí ẹ fi ìpàdé ìṣẹ́jú 45 ṣe ìyókù, ìgbésẹ̀ kan fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, kó lè wọ inú ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá náà. Àbẹ̀wò sí kíláàsì ni ẹ kò gbọdọ̀ yọ. Tí olùdánilẹ́kọ̀ọ́ kò bá ráyè dé gbogbo kíláàsì, kí tíṣà méjì-méjì máa bẹ ara wọn wò pẹ̀lú ìbéèrè mẹ́fà tó wà ní Ìgbésẹ̀ 7, kí hẹdimásítà sì bá wọn mójú tó kíláàsì tó ṣófo fún ìṣẹ́jú 20 náà.